Kàlẹ́ńdà Àgbọ̀nrín

Baba Murdo kò lè dìde mọ́ àfi bí mo bá gbé e lápá,
síbẹ̀ ẹ̀bá fèrèsé ló ń fẹ́ kí n gbé àga rẹ̀ sí
láràárọ̀, ní Dalwhinnie,
kí ó lè máa ka òkè bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́ ara rẹ̀.
Ogójì ọdún ló fi ṣọdẹ fún àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn.

"Wò ó, kò sí ìwo kan ṣoṣo lójú òkè. Oṣù wo la wà?"
Mo ní oṣù Ògún ni. Mo rẹ́rìn-ín; kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.
Koríko ti wọ elésè àlùkò, òkúta jókòó,
akọ àgbọ̀nrín ti gun ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bá ara rẹ̀ jà,
ibi tí òórùn ènìyàn yóò ti ṣáájú ènìyàn dé.

Ó ní wọ́n mọ ọkọ̀.
Ọkọ̀ alẹ́tà á kọjá, ẹnu wọn ò ní kúrò nínú koríko.
Ọkọ̀ ọdẹ á pa iná lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè,
kí ó tó ṣílẹ̀kùn, ìdí funfun nìkan lo máa rí.

Ní Ọ̀wàrà, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bú nítorí abo,
ìfẹ́ á di í létí, ìbọn á rí i.
Ṣùgbọ́n tí oṣù náà bá ti lé lógún, ìbọn á yí ẹnu padà:
ó kan abo.
Ta ló sọ fún wọn? Kí ọ̀sẹ̀ tó pé
abo ti kó ọmọ wọ inú igbó páìnì,
wọ́n ń họ èèpo igi jẹ, òru nìkan ni wọ́n ń yọjú;
akọ á wá dúró gbagidi létí títì
bí ẹni tó ti san owó orí.

"Àwọn tó láyà la kọ́kọ́ pa," ó ní.
Tíì rẹ̀ ti tutù.
"Èyí tó bá dúró wò wá. Èyí tó fẹ́ mọ ohun tí a jẹ́.
Nígbà tó yá, ojo ló kù tí ń bímọ."

Abo kan wà, etí rẹ̀ òsì ya.
Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá a.
Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sùn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn,
ó ń jẹ koríko orí ibojì àwọn ọdẹ.
Bí Èrèlé bá dàjì, tí ìbọn wọlé,
ọ̀sán gangan ni yóò sọ̀kalẹ̀ wá lá iyọ̀ lójú títì.

N kò sọ fún un
pé mo gbé ọdún méjì ní Glasgow pẹ̀lú ìwé tó ti kú,
pé mo ń ra búrẹ́dì ní aago mọ́kànlá alẹ́,
pé mo mọ ìró ọkọ̀ funfun kan láti inú oorun.
Lẹ́tà ti dé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta.
Síbẹ̀ bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn gbà-gbà,
ẹsẹ̀ mi á ti dìde kí n tó rántí.
Ibíwùmí ní àgbọ̀nrín èṣí ni mò ń jẹ lọ́bẹ̀.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọta ṣì wà nínú ẹran náà,
eyín mi ń kàn án.

Lálẹ́, mo bo baba, mo wakọ̀ gba Newtonmore lọ.
Ojú mẹ́fà ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.
Mo pa rédíò. Mo rọra.
Èyí tó ṣíwájú gbórí sókè, ó ń ka ọkọ̀ mi.
N kò mọ orúkọ tó pè mí.